Ẹ Bi Wá Nípa Iṣẹ́: CV Kì Í Ṣe Ìtàn Ìgbésí Ayé

Ọ̀rọ̀ CV ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé wà níbẹ̀, àwọn tí ilé-iṣẹ́ wọn kógbá sílé wà níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà ò gbẹ́yìn. A mú mẹ́fà nínú wọn. Yorùbá la fi kọ àwọn àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ kó lè yé gbogbo wa. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ èyí tí ẹ máa fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe máa tò ó ò yàtọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gba HND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó ní 2022, mo sì ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Ó ti lé ní ọgọ́ta ibi tí mo fi CV sí, ẹnì kan ò pè mí. Ojú-ìwé mẹ́rin ni, ẹni tó ń tẹ̀wé ládùúgbò wa ló bá mi ṣe é, ó sì dára lójú. Kí ló kù tí n ò fi sí i? (T.A., Òṣogbo)

Ìdáhùn: Kò sí ohun tó kù. Èyí tó yẹ kó kúrò níbẹ̀ ló pọ̀. Ẹ mú CV náà, kí ẹ fi ọwọ́ bo gbogbo rẹ̀, ó ku ìdajì òkè ojú-ìwé àkọ́kọ́. Kí lẹ rí? Nínú irú CV bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ CURRICULUM VITAE ló máa ń kọ́kọ́ wà níbẹ̀ gàdàgbà, lẹ́yìn náà ọjọ́ ìbí, ìlú, ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀, ẹ̀sìn, bóyá ẹ ti gbéyàwó tàbí ẹ ò tíì gbé e, àdírẹ́ẹ̀sì títí dé nọ́ńbà ojúlé, àti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó sọ pé ẹ mọ ìwé owó í ṣe. Ẹni tí igba CV wà níwájú rẹ̀ ò ní sùúrù àtidé ojú-ìwé kẹta kó tó mọ ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe.

Ẹ yọ gbogbo ìyẹn. Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ló níbi tó ti wúlò, ìyẹn iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, torí pé Federal Character Commission ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń pín ipò kárí àwọn ìpínlẹ̀. Níbẹ̀ pàápàá, fọ́ọ̀mù wọn ló máa bi yín.

Ojú-ìwé méjì tó ẹnikẹ́ni. Fún ẹni tí ò tíì ṣiṣẹ́ pẹ́ bíi tiyín, ẹyọ kan ló dáa jù. Ìwé A4, àlàfo sẹ̀ǹtímítà méjì sí méjì ààbọ̀ létí yíká, lẹ́tà Calibri tàbí Arial, ìwọ̀n 11. Orúkọ yín lókè ní ìwọ̀n 16. Lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù kan tó ń wọlé, ímeèlì kan, àti ìlú tí ẹ ń gbé. Ó tán. Ímeèlì tí ẹ ṣí nígbà tí ẹ wà ní SS2, tí ẹ fi orúkọ ìnagijẹ sí, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́. Ẹ ṣí òmíràn tó jẹ́ orúkọ yín gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlà mẹ́ta sí mẹ́rin tó sọ irú òṣìṣẹ́ tí ẹ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ni ò mọ ohun tí wọ́n máa kọ síbẹ̀, ni wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn ti lè lo ẹ̀bùn àwọn fún ìdàgbàsókè ilé-iṣẹ́. Gbogbo ayé ló kọ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á. Tiyín lè lọ báyìí: "Oníṣirò owó, HND Upper Credit, 2022. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ ìdánrawò nínú ọ́fíìsì aṣàyẹ̀wò ìwé owó. Mo lè lo Excel àti Sage (ètò kọ̀ǹpútà fún ìwé owó), mo sì lè fi ìwé owó ilé-iṣẹ́ wé ti báńkì lóṣooṣù." Ẹni tó bá ka ìyẹn ti mọ̀ bóyá òun fẹ́ kà síwájú.

Ẹ má sọ pé ẹ ò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ẹni tó ṣe polí ti ṣe SIWES, ìyẹn iṣẹ́ ìdánrawò, oṣù mẹ́rin nígbà ND, ó sì ti ṣe IT, ìdánrawò mìíràn, ọdún kan láàárín ND àti HND. Lẹ́yìn náà ni ibi tí wọ́n gbé yín lọ nígbà agùnbánirọ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta nìyẹn, ìlà kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fún wọn. Ẹ wo èyí tó wọ́pọ̀:

"Mo ṣe agùnbánirọ̀ ní ilé-ìwé girama kan, 2023."

Ẹ wá wo èyí:

"Kọ́ SS1 dé SS3 ní ìṣirò owó, akẹ́kọ̀ọ́ 140. Gbé àkọsílẹ̀ owó ilé-ìwé kúrò nínú ìwé ńlá sórí Excel fún sáà méjì, débi pé akápò lè mọ gbèsè akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan."

Èèyàn kan náà, iṣẹ́ kan náà. Èkejì sọ ohun tí wọ́n ṣe, ó sọ iye rẹ̀, ó sì sọ ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Bí ẹ bá kọ ìlà mẹ́ta sí márùn-ún báyìí lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, CV yín ti kúrò lára ọgọ́rùn-ún tó jọra wọn. Ibi tí ẹ ò bá ti rí iye owó tàbí iye ọjà kọ, ẹ lo iye èèyàn, iye ìgbà, tàbí iye oṣù. Èyí tó jẹ́ tuntun jù ni kó wà lókè, kí ọdún máa padà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tẹ̀wé ládùúgbò. Púpọ̀ nínú wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. CV oníbàárà àná ni wọ́n ń ṣí, tí wọ́n á fi orúkọ yín rọ́pò tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn fi ń ṣẹ́ kù sísàlẹ̀, tàbí kí "Hobbies" èèyàn mẹ́wàá jẹ́ ìwé kíkà àti ìrìn àjò. Kódà bí ojú ìwé bá mọ́, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni fáìlì lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí i nínú Word, ẹ tẹ File, kí ẹ tẹ Info, ẹ ó rí Author lápá ọ̀tún. Bí kì í bá ṣe orúkọ yín, ẹ yí i padà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín fúnra yín sínú ìwé kí ẹ tó lọ síbẹ̀, kó jẹ́ títẹ̀ nìkan ni ẹ ń sanwó fún.

Ó ku ohun kan tó lè jẹ́ olórí ìṣòro náà: CV kan náà lẹ fi ránṣẹ́ sí ọgọ́ta ibi. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń fi ẹ̀rọ ka CV kí èèyàn tó kà á, ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìpolówó wọn ni ẹ̀rọ náà sì ń wá. Bí wọ́n bá kọ "bank reconciliation" (fífi ìwé owó wé ti báńkì) tí ẹ sì mọ̀ ọ́n ṣe, "bank reconciliation" ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ìpolówó náà. Èyí tó bá jẹ́ òótọ́ nípa yín, ẹ jẹ́ kó hàn nínú CV. Èyí tí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ fi sílẹ̀, torí wọ́n á bi yín ní intafíù.

Ẹ̀rọ náà kì í rí dáadáa. Bí CV bá pín sí òpó méjì, ó lè kà á kọjá láti òpó kan sí èkejì, kí ọ̀rọ̀ dà pọ̀ mọ́ra wọn. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi sínú header, ìyẹn àlàfo òkè ojú-ìwé, lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. CV tí wọ́n tẹ̀ jáde tí wọ́n tún wá ya fọ́tò rẹ̀, àwòrán lásán ni lójú ẹ̀rọ. Ẹ dán tiyín wò: ẹ ṣí PDF náà, ẹ tẹ Ctrl àti A, ẹ tẹ Ctrl àti C, kí ẹ ṣí Notepad, ẹ tẹ Ctrl àti V. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde létòlétò, kò síṣòro. Bó bá dàrú, tàbí tí nǹkan kan ò jáde, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń rí lọ́hùn-ún.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú làákàyè. Ọmọ ọdún 54 ni mí, mo ṣe WAEC ní 1989. Ọdún 24 ni mo fi tọ́jú sítọ́ọ̀ ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà kí wọ́n tó kógbá sílé lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n lọ búra ní kóòtù kí n di ọmọ ọdún 45. Ṣé kí n ṣe é? (Bàbá S., Ògbà)

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọjọ́ ìbí yín wà lára NIN, ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, ó wà ní báńkì nípasẹ̀ BVN. Ìwé ìbúra kan ò lè pa ìyẹn rẹ́. Ẹ sì ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tó ní òun jẹ́ ọmọ ọdún 45 lónìí, tó ṣe WAEC ní 1989, ń sọ pé òun ò tíì pé ọdún 10 nígbà tí òun jókòó ìdánwò náà. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà yín síṣẹ́, ọjọ́ tí àṣírí bá tú, kódà kó jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n lè lé yín láìsan kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí ẹ pariwo ọjọ́ orí yín. Ọjọ́ ìbí ò ní í wà nínú CV. WAEC á wà níbẹ̀ láìsí ọdún. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe láti bí ọdún 15 sẹ́yìn ni ẹ ó sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa. Èyí tó ṣáájú ìyẹn, ìlà kan ti tó, kí ó sọ ipò àti irú ilé-iṣẹ́. Bí ẹ ṣe dé ipò tí ẹ dé ni kí ẹ fi hàn: bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé sítọ́ọ̀ tí ẹ sì di ọ̀gá sítọ́ọ̀, ẹ pín in sí iṣẹ́ méjì, kí ìgbéga náà lè hàn.

Ohun tó ń kọ àwọn ọ̀gá lóminú nípa òṣìṣẹ́ tó ti dàgbà ni pé bóyá kò ní mọ kọ̀ǹpútà. Ẹ fèsì sí ìyẹn nínú ìlà àkọ́kọ́. "Mo ń bójú tó sítọ́ọ̀" ò fèsì sí nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Mójú tó oríṣi ọjà 1,200 nínú sítọ́ọ̀ méjì. Ka gbogbo ọjà lóṣooṣù, fi wé bin card (káàdì tí a ń kọ iye ọjà sí) àti Excel. Rí i pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ń kọ́kọ́ jáde, èyí tó dín ọjà tó ń bàjẹ́ kù." Iye tiyín gan-an ni kí ẹ fi sí i, kò gbọdọ̀ jẹ́ tiwa. Bó bá jẹ́ ìwé nìkan ni ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ yẹn, ẹ wá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ Excel: títo ọjà ní ìlà, fílítà, SUMIF, VLOOKUP. Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ kì í sábà béèrè ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó kọ ọ́ sínú CV.

Àlàfo ọdún tó kọjá ò le. Níwájú ọdún tí iṣẹ́ yẹn parí, ẹ kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, wọ́n á rò pé wọ́n lé yín ni.

Àwọn tó kọ ọ́ sínú ìpolówó pé àwọn ò gba ẹni tó ju ọdún 35 lọ, ó dùn wá pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, a ò sì fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má fi agbára yín ṣòfò síbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba náà ò ní rọrùn, torí ọdún 60 tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ni òfin ìfẹ̀yìntì wọn. Ibi tí ẹ ti níye lórí ni ọ̀dọ̀ àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké tí olówó fúnra rẹ̀ ń gbani síṣẹ́: àwọn tó ń ta oògùn lọ́pọ̀ fún àwọn alátùntà, àwọn oníbéékìrì ńlá, àwọn tó ń kó ohun èlò ìkọ́lé pa mọ́. Olè jíjà nínú sítọ́ọ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù jù lọ. Ẹni tó fi ọdún 24 tọ́jú ọjà láìsí àbùkù, tó sì ní ọ̀gá àtijọ́ tó lè jẹ́rìí sí i, irú ẹni tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, aránṣọ ni mí, ọdún 14 ni mo ti ní ṣọ́ọ̀bù. Iléeṣẹ́ kan tó ń rán aṣọ ilé-ìwé ń wá ẹni tó máa ṣe alábòójútó, wọ́n ní kí n mú CV wá. N ò ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni rí. WAEC àti ìwé fúrídọ̀ọ̀mù mi nìkan ni mo ní. Kí ni mo fẹ́ kọ? (Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ ní ohun tí ẹ máa kọ ju ọ̀pọ̀ ẹni tó ní dígírì lọ. Ṣọ́ọ̀bù yín ni iṣẹ́ yín. Ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ìlú, ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ títí di ìsinsìnyí, kí ẹ sì pe ara yín ní aránṣọ àti onílé-iṣẹ́. Ẹ má kọ CEO. Ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ á máa rò ó pé ẹ ò ní lè gbọ́ràn sí ọ̀gá lẹ́nu.

Ẹ sọ iṣẹ́ náà di iye báyìí. Ẹ mú ìwé tí ẹ fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sílẹ̀. Ẹ ka aṣọ tó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kì í ṣe àsìkò ọdún Iléyá tàbí Kérésì. Ká ní ó jẹ́ 48, aṣọ 12 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣírò ọ̀sẹ̀ 48 fún ọdún kan, torí ẹ ń sinmi: 12 lọ́nà 48 jẹ́ 576. Ẹ kọ ọ́ pé ó lé ní 550 lọ́dún. Bí wọ́n bá bi yín bí ẹ ṣe rí i, ìwé náà wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà, iye ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ti kọ́, mélòó ló ti gba fúrídọ̀ọ̀mù, mélòó ló wà lọ́dọ̀ yín báyìí. Alábòójútó ni wọ́n ń wá. Ẹni tó ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹ́sàn-án ti ń ṣe iṣẹ́ alábòójútó látọjọ́ yìí, ìlà yẹn ni kó wà lókè pátápátá.

Bí ẹ bá ti rán aṣọ ilé-ìwé rí, ẹ ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún un: iye aṣọ, iye ọ̀sẹ̀, àti bóyá ẹ parí rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Aṣọ 200 tó pé lọ́jọ́ tí ẹ dá yé oníléeṣẹ́ ju kí ẹ sọ pé ẹ máa ń ṣiṣẹ́ kára.

Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ tí ẹ lè lò. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan ti ń da àwọn aránṣọ wa láàmú: ohun tí a ń pè ní weaving machine láàárín ara wa, overlock ni iléeṣẹ́ ń pè é. Ẹ kọ overlock. Bí ẹ bá mọ industrial straight lò, yàtọ̀ sí èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, torí eré rẹ̀ ò jọra, èyí tí wọ́n ní ní iléeṣẹ́ sì nìyẹn. Ẹ tún kọ ọ́ bí ẹ bá lè gé aṣọ púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti bí ẹ bá lè ya pátánì fún ìwọ̀n oríṣiríṣi.

Ìwé fúrídọ̀ọ̀mù ní àyè tirẹ̀ lábẹ́ ẹ̀kọ́: iye ọdún tí ẹ fi kọ́ṣẹ́, ìlú, àti ọdún tí ẹ gbòmìnira. Ẹ má fi pa mọ́, kì í ṣe ìwé ìtìjú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ èyí tí iléeṣẹ́ èyíkéyìí máa mọ̀, ẹ lọ ṣe Trade Test lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ìpele mẹ́ta ló ní, kẹta ló kéré jù, kìíní ló ga jù. NABTEB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, náà ń ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ ya fọ́tò aṣọ mẹ́fà sí mẹ́jọ ní ọ̀sán gangan, kí ẹ gbé e kọ́ sára ògiri tó mọ́, kí ẹ ya ìdí rẹ̀ náà, níbi tí ojú rírán ti hàn. Ẹ má fi wọ́n sínú CV. Fáìlì ọ̀tọ̀ ni, tàbí WhatsApp.

Wọ́n á béèrè ẹni tó mọ̀ yín. Ẹ má da ajẹ́rìí pọ̀ mọ́ onídùúró o. Ajẹ́rìí ń sọ ohun tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yín, ọ̀gá ilé-ìwé tí ẹ rán aṣọ fún dára fún un. Onídùúró ń fọwọ́ síwèé pé bí nǹkan bá bàjẹ́ kí wọ́n mú òun, ìyẹn ò sì sí nínú CV rárá, ó di ìgbà tí wọ́n bá ti gbà yín. Ẹ pe àwọn ajẹ́rìí yín kí ẹ tó kọ nọ́ńbà wọn, kí wọ́n má baà gbọ́ orúkọ yín lójijì kí wọ́n ní àwọn ò rántí.

Ìbéèrè: WAEC àti dígírì mi ń jẹ́ orúkọ bàbá mi, NIN àti báńkì ń jẹ́ orúkọ ọkọ mi. Èwo ni mo máa kọ sórí CV? (F.O., Ìlọrin)

Ìdáhùn: Èyí tó wà lórí NIN àti báńkì, torí orúkọ yẹn ni owó oṣù máa wọlé sí. Lábẹ́ ẹ̀kọ́, ẹ fi ìlà kékeré kan kún un pé orúkọ tí ẹ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ló wà lórí ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì kọ ọ́. Ẹ tọ́jú ìwé ìgbéyàwó. Bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan lẹ ṣe, ìwé ìbúra kóòtù àti ojú-ìwé ìròyìn tí ẹ fi kéde ìyípadà orúkọ ni wọ́n sábà máa ń béèrè.

Ẹ yẹ ìkọsílẹ̀ wò pẹ̀lú. Ogunsola lórí ìwé kan àti Ogunshola lórí èkejì, orúkọ kan náà ni létí wa, èèyàn méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lórí NIN, lẹ́tà dé lẹ́tà. Ó dùn wá láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ò mọ ẹ, ọ, ṣ onísàmì, wọ́n á sọ ọ́ di àpótí òfìfo tàbí àmì ìbéèrè. Lórí fọ́ọ̀mù, ẹ kọ ọ́ láìsí àmì, lẹ́tà rẹ̀ bó ṣe wà lórí NIN yín. Nínú CV tí ẹ fi pamọ́ bíi PDF, ẹ lè fi àmì orúkọ yín sí i dáadáa, bí NIN yín bá ní i.

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ń wá. Ṣé CV tí mo gbé wá láti ilé ṣì wúlò? (K.B., Peckham)

Ìdáhùn: Ó fẹ́ àtúnṣe. Ẹ yọ fọ́tò, ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Òfin Equality Act 2010 ti kéde pé wọn ò gbọdọ̀ fi ọjọ́ orí, ẹ̀sìn tàbí ìgbéyàwó ṣe ojúsàájú nínú ìgbanisíṣẹ́, àwọn agbanisíṣẹ́ ò sì fẹ́ rí i lórí ìwé. Ẹ fi nọ́ńbà London sí i. Bí ẹ bá fi +44 ṣáájú, ẹ yọ òdo tó wà níwájú.

Bó bá jẹ́ HND ni ẹ ní, ẹ ṣọ́ra. HND ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní ìpele 5, dígírì wà ní ìpele 6, nítorí náà èyí tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n máa rò. Ẹ kọ iye ọdún tí ẹ lò àti ilé-ìwé. Bí iṣẹ́ náà bá béèrè ìwé tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, UK ENIC ló ń fi ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wé tiwọn. NARIC ni wọ́n ń jẹ́ kó tó di 2021.

A sọ fún ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Ògbà pé ọdún 15 tó. Iṣẹ́ ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Ìlànà wọn ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ gba ìtàn iṣẹ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àlàfo kọ̀ọ̀kan sì ní àlàyé tí ẹ kọ sílẹ̀. Oṣù àti ọdún ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ọdún nìkan. Oṣù tí ẹ fi tọ́jú ìyá yín tó ń ṣàìsàn, ẹ má fi pa mọ́, iṣẹ́ ìtọ́jú náà ni. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe: wíwẹ̀, oúnjẹ, oògùn ní àkókò, gbígbé e dìde lórí ibùsùn. DBS, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá èèyàn ní àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn, agbanisíṣẹ́ ló máa ń bá yín béèrè rẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ pé ẹ ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má kọ share code (kóòdù tó ń fi ẹ̀tọ́ yín láti ṣiṣẹ́ hàn) tàbí nọ́ńbà ìwé ìrìnnà sínú CV.

Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà: résumé ni wọ́n ń pè é, ojú-ìwé kan ni wọ́n fẹ́ràn jù, kò sì sí fọ́tò níbẹ̀ náà.

Ìbéèrè: Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ pé CV mi wọlé. Wọ́n ní kí n fi NIN, BVN àti fọ́tò sí i, kí n sì san ₦5,000 fún fọ́ọ̀mù. N ò rántí pé mo fi CV sí ibẹ̀. (A.R., Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ má san án. Jìbìtì ni. Ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ kì í gbowó lọ́wọ́ yín. NIN àti BVN ò ní nǹkan ṣe nínú CV láéláé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni ilé-iṣẹ́ máa béèrè NIN àti nọ́ńbà àkáǹtì kí wọ́n lè sanwó oṣù. BVN yín àti àwọn nọ́ńbà tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí fóònù yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Fọ́tò náà ò pọn dandan ní Nàìjíríà àyàfi tí wọ́n bá béèrè rẹ̀ nínú ìpolówó. Ní Kútọnu àti Lomé, níbi tí CV ti ń tẹ̀lé àṣà Faransé, fọ́tò ṣì wọ́pọ̀.

Nípa bí ẹ ò ṣe rántí ibi tí ẹ fi CV sí, ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún CV kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi ránṣẹ́, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ilé-iṣẹ́, ipò tí ẹ wá, ibi tí ẹ ti rí ìpolówó, àti orúkọ fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́. Kí fáìlì náà má jẹ́ "CV tuntun 3". Kí ó jẹ́ orúkọ yín àti ipò tí ẹ ń wá, kó jẹ́ PDF, kó má ju MB kan lọ. Kí àkọlé ímeèlì jẹ́ ipò náà àti orúkọ yín, kí ara rẹ̀ jẹ́ ìlà márùn-ún tó sọ ibi tí ẹ ti rí iṣẹ́ náà àti ohun méjì nínú iṣẹ́ yín tó bá a mu. Bí ẹ bá fi ara ímeèlì sílẹ̀ lófìfo, ó lè bọ́ sínú spam. Tí wọ́n bá wá pè yín lójijì lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, ẹ ó ṣí ìwé náà, ẹ ó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti CV tó wà níwájú rẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí nọ́ńbà yín.